Àáró, ọ̀wẹ̀, ìwọ̀fà, lébìrà: orúkọ tí iṣẹ́ oko ń jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá

Bí ẹ bá ṣí ìwé atúmọ̀-èdè láti wá ẹni tó ń bá olóko ṣiṣẹ́, alágbàṣe ni ẹ óò kọ́kọ́ rí. Ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ kò tó. Ẹni tó bá gbé abà rí mọ̀ pé ọkùnrin márùn-ún lè dúró nínú oko iṣu kan náà, kí gbogbo wọn mú ọkọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n máa kọ ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó má sì sí méjì nínú wọn tó jẹ́ pé ohun kan náà ló gbé wọn débẹ̀. Ọ̀kan wá san àáró. Èkejì wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọmọ olóko. Ẹ̀kẹrin gba iṣẹ́ náà ṣe lówó. Bó bá jẹ́ ayé àwọn bàbá ńlá wa ni, ẹ̀karùn-ún lè jẹ́ ìwọ̀fà.

Iṣẹ́ kan náà ni ọwọ́ wọn ń ṣe. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni gbèsè: ta ló jẹ ta, kí ló jẹ ẹ́, ìgbà wo ni yóò san án? Orí ìbéèrè yìí ni àwọn orúkọ iṣẹ́ oko wa dúró lé. Ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn rẹ̀ lè gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún un lórí fóònù, kó má sì mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ó ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó jogún oko kòkó kan ní apá Oǹdó, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì ń bá a mójú tó o. Ní oṣù kẹta ọdún, ó fi owó ránṣẹ́ sílé, bàbá náà sì sọ fún un pé òun ti fún àwọn lébìrà ní owó oúnjẹ. Ní oṣù Kejìlá, bàbá náà tún pè é: owó àwọn lébìrà ti tó san. Akẹ́kọ̀ọ́ mi rò pé wọ́n fẹ́ gba owó kan náà lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ò san. Oṣù mẹ́rin ni òun àti bàbá náà ò fi bára wọn sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó fi odidi ọdún kan ṣán oko náà ń dúró de owó wọn. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ká tó wọ oko

Ẹ ṣọ́ àmì ohùn. Oko ni ibi tí a ń gbin nǹkan sí. Ọkọ́ ni irinṣẹ́ tí a fi ń tu ilẹ̀. Ọkọ ni olówó orí ìyàwó, ọkọ̀ sì ni ohun tí a ń wọ̀ débẹ̀ bí oko bá jìnnà. Iṣẹ́ ni ohun tí a ń ṣe, ìṣẹ́ ni òṣì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ̀wé sí mi rí pé òun ti rí ìṣẹ́ tuntun, pé ó sì ń dùn mọ́ òun gan-an.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ní ààyè tirẹ̀. Àdá ni a fi ń ṣán igbó. Ọkọ́ ni a fi ń ro oko, bí koríko bá ti fẹ́ bo ohun ọ̀gbìn mọ́lẹ̀. A ń kọ ebè, a ń wa iṣu, a ń ká kòkó. Èyí tó bá ga ju ọwọ́ lọ, gọ̀ǹgọ̀ ni a fi ń já a. Bí oko bá wà nítòsí ìlú, oko etílé ni. Bó bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí àgbẹ̀ ní láti sùn síbẹ̀, yóò kọ́ ahéré. Bí ahéré bá pọ̀ lójú kan, ó di abà. Bí ẹ bá sì bá ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, ẹ má kọjá láìkí i: «Ẹ kú oko o, àroko bọ́dún dé o.»

Àáró

A ń dá àáró. Ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. A ń dá àjọ, a ń dá èsúsú, a sì ń dá àáró. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ ní Peckham tàbí ní Houston ti mọ bí àáró ṣe ń ṣiṣẹ́: dípò owó, ọjọ́ iṣẹ́ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú wá. (Èsúsú yìí náà ló bá àwọn ènìyàn wa rékọjá òkun, tí wọ́n fi ń pè é ní susu ní Trinidad títí dòní.)

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà tí oko wọn ò jìnnà síra wọn pinnu láti dá àáró. Lọ́jọ́ kìíní, gbogbo wọn lọ sí oko ẹni àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ sí oko ẹni kejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa yí i ká títí yóò fi kan gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti gba tirẹ̀ jẹ ẹni márùn-ún yòókù ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ló sì lè fi san án. Kò lè fi iṣu san án, kò lè fi ẹ ṣeun san án. Bí àìsàn bá dá a dúró, yóò rán ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ lọ, àbí kí wọ́n ka ọjọ́ náà sí i lọ́rùn.

Ẹ óò gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àáró jẹ́ àpẹẹrẹ ìfẹ́ tó wà láàárín àwọn baba wa. Ìfẹ́ lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò ni ó gbé e ró. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ ara wọn ló ń dá a. Ẹni tó lè kọ igba ebè lójúmọ́ kì í bá ẹni tí ọgọ́rùn-ún ń dà láàmú dá àáró, nítorí pé ọjọ́ tí yóò fún un tóbi ju ọjọ́ tí yóò gbà padà. Igba yìí kì í ṣe nọ́ńbà tí mo ṣàdédé mú. Igba igba ni àwọn àgbẹ̀ máa ń ka ebè, gẹ́gẹ́ bí igba ti jẹ́ òpó pàtàkì nínú ònkà Yorùbá àtijọ́.

Àáró ò jọ àárọ̀, tó jẹ́ òwúrọ̀, kò sì jọ ààrò tí a ń dáná sí. Ohùn àti fáwẹ́lì ló yà wọ́n.

Ọ̀wẹ̀

A kì í dá ọ̀wẹ̀. A ń bẹ̀ ẹ́ ni. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá bá já lé lọ́wọ́, bíi kó fẹ́ ṣí igbó tuntun, kó fẹ́ bo ilé, tàbí kí òjò fẹ́ bá àgbàdo rẹ̀ lórí igi, yóò bẹ ọ̀wẹ̀: yóò sọ fún ẹbí, aládùúgbò àti ọ̀rẹ́ pé kí wọ́n bá òun ṣe é lọ́jọ́ kan. Àwọn náà yóò wá. Onítọ̀hún ni yóò bọ́ wọn, kì í sì í ṣe oúnjẹ ṣákálá: iyán, ẹran, ẹmu tó tó.

Kò sí ẹni tó ń ka ọjọ́ nínú ọ̀wẹ̀. Èyí ni ó mú àwọn kan rò pé kò sí gbèsè níbẹ̀. Gbèsè wà, iyè inú ènìyàn ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tí kì í lọ sí ọ̀wẹ̀ ẹlòmíràn, lọ́jọ́ tó bá bẹ tirẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ ni yóò jẹ iyán náà tán.

Ọ̀wẹ̀ kan wà tí kò ṣeé kọ̀: ọ̀wẹ̀ àna. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọ wọn níyàwó, tàbí tó ń fẹ́ ẹ lọ́wọ́, yóò kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí oko bàbá ìyàwó lọ́dọọdún. Àwọn ọ̀rẹ́ yìí ò retí nǹkan kan lọ́wọ́ bàbá náà. Ọkọ ìyàwó ni wọ́n ń bá lọ, òun náà ni yóò bá wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àna tiwọn bó bá yá. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀wẹ̀ kan lè ní àáró nínú. Àwọn ìwé tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ gédégédé máa ń gbàgbé èyí.

Ọba àti ìjòyè náà ń bẹ ọ̀wẹ̀: ògiri ààfin, ọ̀nà ìlú, oko ọba. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Nígbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn dé, wọ́n rí i pé àwọn ìjòyè lè pe ènìyàn jáde láìsanwó, wọ́n sì ní kí wọ́n máa pè wọ́n wá la títì. Iṣẹ́ tí ìlú ń ṣe fún ara rẹ̀ di iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ipá ṣe fún ìjọba. Nígbà tí wọ́n wá fi owó orí lé e ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, àwọn ènìyàn dìde. Ogun Àdùbí ni a mọ rògbòdìyàn náà sí. Wọ́n hú irin ọ̀nà rélùwéè, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Owó orí ló wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn bí wọ́n bá ń sọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fi dandan gbà wà lára ohun tó dá a sílẹ̀.

Ìwọ̀fà

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣì túmọ̀ jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra.

Bàbá kan nílò owó. Ó lè jẹ́ ìsìnkú, ó lè jẹ́ ìtanràn, ó lè jẹ́ pé ogun kó ọmọ rẹ̀ tí wọ́n sì ní kó wá rà á padà. Ó yá owó. Dípò kó máa san èlé, ó fi ara rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ láti máa ṣiṣẹ́ fún ẹni tó yá a lówó. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ yìí ni ìwọ̀fà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé.

Ẹ tún gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kà. Nítorí pé iṣẹ́ ìwọ̀fà jẹ́ èlé, kì í dín gbèsè kù. Bó ṣe ọdún kan, bó ṣe ogún ọdún, iye tí wọ́n yá lọ́jọ́ kìíní náà ló wà nílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹbí bá kó o pé ni ó tó bọ́.

Samuel Johnson, pásítọ̀ tó gbé ní Ọ̀yọ́, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 (1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀), ṣàlàyé ètò yìí dáadáa, ó sì fi ìtara gbèjà rẹ̀: ó ní ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Òótọ́ ni. Ìbéèrè yìí kan náà ló sì máa ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ èdè wa ní Bahia àti ní Cuba. Ẹrú ni ẹni tí wọ́n kó lójú ogun tàbí tí wọ́n rà. Wọ́n lè tún un tà, kò sì ní ẹbí níbi tó wà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú báyìí, pàápàá nínú àwọn ogun ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n kó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí oko ìrèké Cuba àti Bahia. Ìwọ̀fà ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí ìlú. Kò sí ẹni tó lè tà á. Àgbàlagbà ìwọ̀fà ń sùn nílé ara rẹ̀, iṣẹ́ òwúrọ̀ ló ń ṣe fún olówó, ọ̀sán jẹ́ tirẹ̀ láti fi ro oko ara rẹ̀.

Síbẹ̀, mo rò pé Johnson fi ojú àgbàlagbà wò ó jù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí bàbá rẹ̀ fi ṣe ìwọ̀fà ń sùn nílé olówó. Kò ní ọ̀sán tirẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́, òun kọ́ ló jẹ gbèsè, òun kọ́ ló sì na owó náà. Nígbà tí ẹ bá ń túmọ̀ ìwọ̀fà, ẹ má kọ ọ́ bí ẹrú, ẹ má sì kọ ọ́ bí òṣìṣẹ́. Ènìyàn tó dúró bí èlé owó ni.

Ìwọ̀fà pẹ́ ní ilẹ̀ wa ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ; ó ṣì wà ní nǹkan bí ọdún 1930, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba amúnisìn ń lòdì sí i. Kòkó ló bá a wọ̀yá ìjà ju òfin lọ. Nígbà tí àgbẹ̀ ti ní igi kòkó, kò nílò láti fi ọmọ sílẹ̀ mọ́. Oko kòkó ló ń fi dógò, ẹni tó yá a lówó á máa ká kòkó ibẹ̀ lọ títí wọn yóò fi san owó rẹ̀ pé. Ẹ rí i pé ètò náà ò yí padà. Igi ló bọ́ sí ipò ọmọ.

Bí owó ṣe wọ oko

Àgbàṣe ni iṣẹ́ tí ènìyàn gbà ṣe lówó. Ẹ̀yin tó ń lọ sí ìjọ Yorùbá ti gbọ́ ọ nínú ìtàn ọmọ onínàákúnàá, ẹni tó rántí pé àwọn alágbàṣe bàbá òun ń jẹ àjẹyó. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n kòkó ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Èkó kan tí ọjà ò dára fún mọ́ yà sí iṣẹ́ oko ní Agége. Gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni J. K. Coker, ọmọ Ẹ̀gbá, tó ní oko kòkó ńlá ní Ìfàkọ̀. Ní 1907 wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Agege Planters' Union. Oko wọn tóbi ju ohun tí àáró lè tán lọ. Wọ́n ní láti sanwó fún ènìyàn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin sì ń wá láti òkè wá gba iṣẹ́ ṣe. Rélùwéè tó ti dé Ìbàdàn ní 1901 mú ìrìn náà rọrùn.

Apá tó wù mí jù nínú ìtàn kòkó rèé. Bí àwọn alágbàṣe yìí ṣe ń padà sílé, wọ́n ń mú kóró kòkó lọ, wọ́n sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín àti bí wọ́n ṣe ń sá a. Nípasẹ̀ wọn ni kòkó fi tàn dé apá Ìbàdàn, Oǹdó, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Àwọn tó wá ta agbára ní Agége padà sílé lọ di olóko. Owó wọn tán, ìmọ̀ wọn ò tán.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń ro oko kòkó jẹ́ ọmọ olóko, ìyàwó rẹ̀, tàbí ẹni tó ń gbowó. Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ sì fi oko sílẹ̀ lọ sí ilé ìwé. Owó epo rọ̀bì tó dé ní àárín ọdún 1970 sí 1980 kó àwọn tó ti jáde ìwé lọ sí ìgboro. Àwọn òbí wa wà lára wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní Toronto tàbí ní Manchester wà níbẹ̀ nítorí pé ẹnì kan fi ọkọ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn sì gbé e.

Ta ni ẹlòmíràn náà? Àwọn Ebira, tí Yorùbá ń pè ní Ìgbìrà. Àwọn Tiv. Àwọn Àgàtú láti Benue. Àwọn Hausa. Àwọn ọ̀dọ́ láti Orílẹ̀-èdè Benin àti Togo, tí àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ tó ń sọ Yorùbá bíi tiwa wà lára wọn. Ní ọ̀pọ̀ abà, wọ́n ti sọ «Àgàtú» di orúkọ iṣẹ́: «Mo ní Àgàtú méjì lóko.» Ẹ má kọ́ ìyẹn. Orúkọ ènìyàn ni, kì í ṣe orúkọ iṣẹ́, ó sì ń dun àwọn tó ni ín. Lébìrà ni ẹ pè wọ́n, tàbí òṣìṣẹ́ oko.

Lébìrà yìí ni ọ̀rọ̀ tí ẹ óò gbọ́ jù lónìí. Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, ẹni tó ń ru bíríkì níbi ilé kíkọ́ náà sì ń jẹ́ ẹ. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà sanwó fún un lóko, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n.

Ti àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ ojúmọ́. Lébìrà dé ní òwúrọ̀, ó ṣíwọ́ ní ọ̀sán, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Èkejì ni pé kó gba iṣẹ́ náà ṣe: wọ́n wo oko, wọ́n dúnàádúrà lórí igba ebè, lórí ìlà, tàbí lórí éékà, iye ọjọ́ tó bá fi ṣe é kò kan olóko. Wọ́n sábà máa ń fún un ní àsansílẹ̀ díẹ̀, yóò gba ìyókù bó bá parí.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ ọdún kan, oko kòkó ló sì wọ́pọ̀ sí. Lébìrà ń gbé abà, olóko fún un ní yàrá, àdá, àti owó oúnjẹ tàbí oúnjẹ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún. Owó iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ń dúró títí wọn yóò fi ta kòkó, kó lè gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì mú un lọ sílé. Èyí dára fún olóko tí kò ní owó lọ́wọ́ ní oṣù kẹta. Ó lè dára fún lébìrà náà, tí kò fẹ́ ná owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ láti oṣù kìíní dé ìkejìlá: olóko. Lébìrà ló yá olóko ní iṣẹ́ ọdún kan, kò sì gba ohunkóhun dógò.

Bí kòkó bá já wálẹ̀ lọ́jà, ta ni yóò jìyà rẹ̀? Láti 1947 títí di 1986, Marketing Board ló ń pinnu iye tí àgbẹ̀ máa gbà lórí kòkó, ìjọba sì ń mú nínú rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni olóko fi ń san owó orí, owó ilé ìwé àti owó lébìrà. Nígbà tí ara wọn ò gbà á mọ́, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá dìde ní 1968 sí 1969. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn jẹ́ gbólóhùn tó pé: Àgbẹ̀kọ̀yà, àgbẹ̀ kọ ìyà. Táfà Adéoyè ni ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn. Owó orí tí wọ́n ní àwọn lè san ni òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, nítorí pé òkè owó ẹyọ kan, ọ̀kẹ́ kan ẹyọ, ni wọ́n ti ń kà sí ṣílè márùn-ún láti ayé àwọn bàbá wọn. Ìjọba dín owó orí náà kù. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti kọ ohun tí àwọn lébìrà fẹ́ sílẹ̀ nínú ìtàn Àgbẹ̀kọ̀yà.

Òfin ò tíì fi bẹ́ẹ̀ rí wọn. Ní 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di 70,000 náírà. Ṣùgbọ́n òfin 2019 tó wà nídìí rẹ̀ yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ó yọ àwọn tí wọ́n ń san owó fún ní ìwọ̀n iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ó sì yọ iṣẹ́ onígbà bí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ wá oko kòkó tí kò bọ́ sínú ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin kò gùn nínú àwọn ìwé, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn gùn. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ọkùnrin ló ń kọ ebè, obìnrin ló ń kó ìkórè wálé tó sì ń sọ ọ́ di ọjà. Ní ibùdó gàrí lónìí, iye agbọ̀n tàbí abọ́ pákí tí obìnrin bá bó ni wọ́n ń san owó rẹ̀ fún un. Kì í pe ara rẹ̀ ní lébìrà. Yóò ní òun ń bá wọn bó pákí ni.

Lóde òní, ọ̀kadà ti kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kúrò lóko, nítorí pé alẹ́ ọjọ́ kan náà ni ọlọ́kadà ń rí owó rẹ̀. Owó lébìrà ti gbówó lórí débi pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti yà sí oògùn apakoríko. Ẹni kan àti ẹ̀rọ tí a fi ń fọ́n ọn ń ṣe iṣẹ́ tí ẹni mẹ́wàá ń ṣe. Katakata wà, ṣùgbọ́n kò lè wọ abẹ́ igi kòkó. Àáró ṣì wà láwọn ibì kan, láàárín àwọn tí kò ní owó tí wọn yóò fi gba ènìyàn.

Bí ẹ bá ń pe ilé

Bí ẹ bá ní oko nílé tí àgbàlagbà kan ń bá yín mójú tó, ẹ kọ́kọ́ kí i fún iṣẹ́ tó ń ṣe: «Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú àbójútó oko.» Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó. Lẹ́yìn náà, ẹ lè béèrè pé:

«Ṣé iṣẹ́ ojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe ni, àbí wọ́n gbà á ṣe, àbí ọdún kan ni?»

«Èló ni ẹ jọ ṣàdéhùn?»

«Ṣé owó oúnjẹ wà nínú owó iṣẹ́ wọn, àbí ó yàtọ̀?»

«Ìgbà wo ni wọ́n máa gba owó wọn?»

Ìbéèrè kẹta ni akẹ́kọ̀ọ́ mi kò bi bàbá náà. A jọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíláàsì lálẹ́ ọjọ́ Tusidé kan, ó sì pe bàbá náà lọ́jọ́ kejì. Bàbá ní, «Ọmọ mi, owó oúnjẹ ò sí lára owó ọdún. Ṣé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ò ní jẹun ni?» Ó san owó náà ní oṣù kẹrin. Nígbà yẹn, méjì nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà ti lọ. Ẹni kẹta ló gba tiwọn mọ́ tirẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, bàbá náà ò rí ẹni tó gbà láti ṣe ọdún kan lóko yẹn mọ́. Iṣẹ́ ojúmọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì ń gba owó wọn kí wọ́n tó jáde kúrò nínú oko.